Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Ṣàjèjì Ni Abàmì

Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí wọ́n fún ní iṣẹ́ aáyan ògbufọ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó wà níwájú rẹ̀ kò gùn: ẹnìkan wọ ilé kan tí àwọn onílé ti kó kúrò, ilé náà sì jẹ́ "eerie". Ọmọ náà ronú. Ó rántí ilé bàbá àgbà rẹ̀ ní abúlé, lẹ́yìn tí wọ́n sìnkú tán tí gbogbo àlejò ti padà sí ìlú. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ilé náà dá páropáro, ara sì ń fu ẹni tó bá wọ inú rẹ̀." Olùkọ́ fi gègé pupa fa ìlà lé e, ó kọ "abàmì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé olùkọ́, "eerie" ni abàmì, "weird" ni abàmì, "uncanny" náà, abàmì ni. Ọmọ pàdánù máàkì méjì, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìlànà iṣẹ́ ọdún náà: pé ohun tí òun mọ̀ nínú èdè ìyá òun kò já mọ́ nǹkan kan.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti olùkọ́ kan ṣoṣo. Àṣà tó ti fìdí múlẹ̀ ni. Láti ìwé dé ìwé, láti pátákó ìkọ̀wé dé ojú fóònù, ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ ní aáyan ògbufọ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lápá òsì, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lápá ọ̀tún, àmì ìdọ́gba láàárín wọn. Ọ̀nà yìí dára fún àga àti tábìlì. Ó tó fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ṣùgbọ́n tó bá di ohun tí ènìyàn ń ní lára nígbà tí ayé bá ṣàdédé yí padà mọ́ ọn lójú, ẹ̀tàn pátápátá ni. Ó ń ba èdè méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí kò jẹ́, ó sì ń sọ Yorùbá di tálákà tí kò jẹ́ rí.

Orí abàmì fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń di gbogbo ẹrù lé lórí. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà láyé, kó tó kú ní 1997, Abàmì Ẹ̀dá ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ tó ní in lọ́kàn pé orí òun ń wú bí Fẹlá bá ń kọjá lọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀dá yìí kò jọ ẹ̀dá mìíràn, pé ìṣe rẹ̀ kọjá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ aráyé. Ìyìn wà nínú rẹ̀, ìyanu wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ pé kí ènìyàn má sún mọ́ ọn jù. Kí olùkọ́ wá gbé orúkọ yìí padà sí Gẹ̀ẹ́sì bí ìwé rẹ̀ ti wí, kó pe Fẹlá ní "eerie". Ẹ̀rín ni yóò pa kíláàsì.

Abàmì kò sì dá wà. Àràmàǹdà ń bẹ, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń yin Ọlọ́run nínú ìjọ, tí ẹ̀rù inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù ọlá. Ìyanu ń bẹ, tí ẹnu tó là sílẹ̀ ṣì hàn kedere nínú rẹ̀. Kàyéfì ń bẹ fún ohun tó dojú ọgbọ́n rú: ilẹ̀kùn wà ní títì, fèrèsé wà ní títì, owó kò sí nínú àpótí mọ́. Àdììtú jẹ́ ti ohun tí wọ́n dì tí kò ṣeé tú. Èèmọ̀ tilẹ̀ le jù wọ́n lọ. Bí ewúrẹ́ bá bí ọmọ olórí méjì, àwọn àgbà ìlú kò ní wí pé ó yani lẹ́nu kí wọ́n sì padà sílé lọ jẹun. Èèmọ̀ ti wọ̀lú nìyẹn, ó di dandan kí wọ́n bi ifá léèrè, kí wọ́n sì wá ètùtù sí i. Èèmọ̀ ń béèrè pé kí ènìyàn ṣe nǹkan. Kàyéfì kò béèrè ju kí ènìyàn mi orí lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú àpò kan ṣoṣo kò tíì tẹ́tí sí ìyá rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ilé tó ti wá, kò sì sí èyí tó jọ èkejì rẹ̀.

"Weird" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "wyrd" ni wọ́n ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni. Ó bá ọ̀rọ̀-ìṣe kan tan tó túmọ̀ sí "di", bíi ká sọ pé nǹkan kan di òmíràn. Wyrd ni ohun tí ènìyàn yóò dà: ìpín rẹ̀, àyànmọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ló wà nínú ìwé ìtàn tí Holinshed tẹ̀ jáde ní 1577, nínú èyí tí Shakespeare ti rí ìtàn Macbeth. Níbẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta tí Macbeth pàdé lọ́nà ni wọ́n pè ní òrìṣà àyànmọ́. Nígbà tí wọ́n kó eré Shakespeare jọ tẹ̀ ní 1623, "weyward" àti "weyard" ni wọ́n kọ sínú ìwé náà. Àwọn olóòtú tó wá lẹ́yìn ni wọ́n tún un kọ ní "weird" fún wa. Olùkọ́ tó bá wá túmọ̀ orúkọ wọn sí "àwọn arábìnrin abàmì" ti sọ fún ọmọ pé ìrísí wọn ló ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni pé ìrísí wọn burú, wọ́n tilẹ̀ ní irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irùngbọ̀n ló pa ọba Duncan. Ohun tí wọ́n sọ fún Macbeth pé yóò dà ló kó sí i lórí.

Níbí ni ìdààmú ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ nípa àkúnlẹ̀yàn, tó mọ̀ pé orí ni ènìyàn yàn kó tó wá sáyé àti pé ìwà àti ọwọ́ ẹni lè ba orí rere jẹ́, ti ní kọ́kọ́rọ́ eré yìí lọ́wọ́ kó tó ṣí ìwé. Ṣé orí Macbeth ló yan adé onírora yẹn ni, àbí adé ń bọ̀ wá bá a ní ìrọ̀rùn kó tó fi ọ̀bẹ lé e? Àríyànjiyàn tó lè gba odidi ọ̀sẹ̀ kan ní kíláàsì nìyẹn, ó sì lè mú ọmọ tó ti ń sùn jí. Olùkọ́ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ, ó fún un ní "abàmì" dípò rẹ̀.

Lóòótọ́, "weird" òde òní ti fúyẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun tí kò jọ ti ayé yìí, láti ibẹ̀ ló sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí aṣọ, oúnjẹ àti ìwà ọmọ kíláàsì ẹni. Yorùbá rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́: ó rí bákan. Oúnjẹ yìí rí bákan lẹ́nu; ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ń rí bákan; ara ń ṣe mí bákan. Ẹni tó bá pe ọbẹ̀ ní abàmì nítorí iyọ̀ kò tó nínú rẹ̀, kí ó má ṣe bínú bí àwọn ará ilé bá sá fún ìkòkò.

"Eerie" tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Láti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti Scotland ló ti wá, ní nǹkan bí ọdún 1300. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe ilé tàbí igbó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà júwe níbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń fi júwe. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí àyà rẹ̀ ń já sí ohun tí kò fojú rí, òun ni "eerie". Ó di apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lára ènìyàn lọ sára ibi tó dẹ́rù bà á. Gẹ̀ẹ́sì gbé ìjayà náà láti àyà ènìyàn, ó gbé e kọ́ ara ògiri.

Yorùbá kò ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ fún apá méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ fún ibi náà, ó ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà níbẹ̀. Ibi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó pa lọ́lọ́, ó ṣú biribiri, ó dá páropáro. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bákan náà ni wọ́n. Rọ́rọ́ lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ àlàáfíà, bí ilé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Lọ́lọ́ ni ariwo tó ti wà tẹ́lẹ̀ tó gé lójijì, tí kẹ́kẹ́ pa. Páropáro ni ti ibi tó yẹ kó ní ènìyàn tí kò ní. Ní ti ẹni tó wà níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ara lè fu ú, orí rẹ̀ lè wú, àyà rẹ̀ lè já, jìnnìjìnnì lè bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹni tí ara ń fu ṣì lè dúró wo ohun tó ń bọ̀, ẹni tí jìnnìjìnnì bò kò lè dúró mọ́. Ọmọ tó kọ "dá páropáro" tó tún kọ "ara ń fu ẹni" ti túmọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ "eerie" tọ̀tún-tòsì láìmọ̀, ti ìgbà àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí.

Ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mark Fisher, kọ odindi ìwé kan lórí ìyàtọ̀ "weird" àti "eerie" ní 2016. Ohun tó sọ kò le: "weird" ni ti ohun tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, "eerie" ni ti ibi tí ó yẹ kí nǹkan wà tí kò sí, tàbí ibi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà tí nǹkan sì wà. Àwọn tó kà á ní Lọ́ńdọ́nù yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ọmọ obìnrin kan ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe orò rántí ọjọ́ ìsémọ́lé: ojú pópó tó yẹ kó kún dá páropáro ní ọ̀sán, ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì, ohùn kan sì ń ké lókèèrè tí ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ẹni tó ni ín. Ibi tó yẹ kí ènìyàn wà tí kò sí; ibi tí kò yẹ kí ohùn wà tí ohùn wà. Méjèèjì pé sínú ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹni tí orò kò kàn náà kúkú rántí oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé mú Èkó nítorí àrùn Kòrónà, tí afárá tí ọkọ̀ kì í ráyè lórí rẹ̀ wá ṣófo gbalasa ní ọjọ́ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó pe afárá yẹn ní abàmì. Ó dá páropáro ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ́ ọmọ wa. Nínú ìtàn wọn, òru ni irú nǹkan báyìí wọ́pọ̀ sí, pẹ̀lú ìkùukùu àti òṣùpá. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ọ̀sán gangan náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Àwọn ìyá máa ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ṣe rìn kiri nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, nítorí àwọn tí ojú kò rí ń kọjá ní àkókò yẹn. Nítorí náà, bí ọmọ bá kọ àròkọ tí ẹ̀rù inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí olùkọ́ má ṣe sọ fún un pé àṣìṣe ni, kó lọ fi òru sí i.

Ó wá ku "uncanny", èyí tó jinlẹ̀ jù nínú wọn. Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni òun ti wá. Inú rẹ̀ ni "canny" wà, inú "canny" sì ni "can" wà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ látijọ́ jẹ́ "mọ̀". Ẹni tó jẹ́ "canny" ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó ń ṣọ́ra, tó máa ń wo iwájú wo ẹ̀yìn. Ní Yorùbá, olùfura ni. Ohun tó bá wá jẹ́ "uncanny" ni ohun tí ìmọ̀ ẹni kò ká, tí kò ṣeé fọkàn tán, tí olùfura yóò yẹra fún. Yorùbá ní gbólóhùn tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn: ara ń fu mí. Ẹni tó wí bẹ́ẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan. Kò lè tọ́ka sí i. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, ọpọlọ kò tíì gbọ́. Ó yani lẹ́nu pé nínú èdè tó ti ń sọ láti ayébáyé pé ìfura lòògùn àgbà, olùkọ́ ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó dúró lórí ìfura kiri bí ẹni tó gbé àdá dání tó ń wá àdá.

Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn tó ṣiṣẹ́ ní Vienna, kọ àròkọ olókìkí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1919. Èdè Jámánì ni ó fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó sì lò ni "unheimlich", tí "Heim", ìyẹn ilé, wà nínú rẹ̀. Freud yẹ ìwé atúmọ̀ wò, ó rí i pé "heimlich" túmọ̀ sí ohun tó jẹ́ ti ilé, tí ó mọ́ ni lára. Ó tún túmọ̀ sí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Ó wá sọ pé ìbẹ̀rù yìí kì í ti ọ̀dọ̀ àjèjì wá. Ohun tó ti mọ́ ni lára rí, tí ó sì ti lọ sí ìkọ̀kọ̀, òun ló ń padà wá.

Nínú àròkọ kan náà, Freud wo àwọn èdè mìíràn bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èdè ni kò ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ìbẹ̀rù yìí gan-an. Fún Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló kó jọ, "uncanny" wà láàárín wọn, "ghastly" àti "haunted" náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì túmọ̀ àròkọ náà sí èdè Faransé ní 1933, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ láti fi gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "inquiétante étrangeté", ìṣàjèjì tí kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò torí èyí sọ pé Faransé jẹ́ èdè tálákà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti gbé "uncanny" dúró, wọ́n á ní èdè rẹ̀ kò tó, wọ́n á ní kó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ta ló ṣe òfin yìí?

Freud sọ ìtàn kan nípa ara rẹ̀ nínú àròkọ yẹn. Ó dá jókòó nínú yàrá ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà mì tìtì, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣí, bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ ilé, tó dé fìlà ìrìn àjò, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Freud rò pé ó ṣi yàrá wọ̀, ó dìde kó lè tọ́ ọ sọ́nà. Ìgbà náà ló rí i pé dígí ló wà lára ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ sì ni bàbá náà. Ó jẹ́wọ́ pé ìrísí arúgbó yẹn kò wu òun rárá.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ lóye ìtàn yìí kò ní láti lọ sí Vienna. Kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí àkúdàáyà jẹ́. Kò sí ọmọ tí kò ní dáhùn. Ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín, ìyàwó rẹ̀ ṣe opó. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, oníṣòwò kan láti ìlú rẹ̀ dé ọjà ìlú òkèèrè, ó rí i níbi tó ti ń tajà, pẹ̀lú ìyàwó mìíràn àti ọmọ. Wọ́n kí ara wọn. Ó tilẹ̀ béèrè àwọn ará ilé. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Kí ló dẹ́rù bani nínú ìtàn náà? Ọkùnrin náà kò ní ìwo lórí, ojú rẹ̀ kò yọ iná. Ojú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí orí oníṣòwò fi wú. Bí ó bá jẹ́ àjèjì ni, ì bá ra ọjà tirẹ̀ kó sì máa lọ.

Àbíkú náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n kọ àmì sára ọmọ tó kú, kó má baà rí ojú padà wá mọ́. Wọ́n bí òmíràn, wọ́n sì rí àmì náà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e dání, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, ó ń fún un lọ́mú, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ni lára tó ti lọ, tó tún padà: ohun tí Freud fi ojú ìwé púpọ̀ wá kiri ló wà nínú orúkọ ọmọ kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe mú un, Yorùbá fi ìtàn, orúkọ àti ẹ̀yà ara mú un. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀-àpèjúwe nìkan yóò wá a tì.

Àwọn kan wà tí ojútùú tiwọn ni pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Wọ́n ń tọ́ka sí iṣẹ́ èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, èyí tó jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, olùkọ́ kan kò lè ṣe é kó má fi ṣe ohun èlò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni èdè-ìperí wà fún. Ìfòyà kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun tí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò lè mú orí ẹnikẹ́ni wú.

Ibi tí àṣìṣe náà ti lè di ìwọ̀sí tún wà. Masahiro Mori, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́bọ́ọ̀tì, kọ ní 1970 pé bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ti ń jọ ènìyàn sí i ni ó ń wu ni sí i, títí yóò fi kù díẹ̀ kó jọ ọ́ tán. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ yẹn ti máa ń já bọ́ bí ẹni ṣubú sí àfonífojì. Ó fi ọwọ́ àtọwọ́dá ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rò pé ọwọ́ ènìyàn ni, àfi bó ṣe rí i pé ó tutù, kò sì ní egungun nínú. "Uncanny" ni Gẹ̀ẹ́sì fi túmọ̀ àfonífojì náà. Bí ọmọ kíláàsì wa bá kọ "àfonífojì abàmì", àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà ni òǹkàwé yóò máa retí níbẹ̀.

Ẹ wá gbé ère ìbejì yẹ̀ wò. Bí ìbejì kan bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á fún un lóúnjẹ nígbà tó bá ń fún èyí tó wà láàyè. Àgbàlagbà ni ojú ère náà jọ, kì í ṣe ọmọdé. Púpọ̀ nínú wọn ti wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí, àlejò tó sì dúró níwájú wọn lè sọ pé wọ́n "uncanny". Ó lè jẹ́ òótọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ìyá tó ń wẹ ère yẹn kò fu ú rí. Ọmọ rẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ àlejò yẹn sí "ère abàmì", ó ti gbé ojú àlejò wọ ọmọ onílé, kò sì sọ fún un pé ojú àlejò ni.

Àwọn tó ṣe aáyan ògbufọ̀ dáadáa kò wá ìrọ̀rùn. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà ti 1938, sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò kó gbogbo ẹ̀dá inú igbó yẹn sábẹ́ "ghost" tàbí "devil". Fún irúnmalẹ̀, ó yan "daemon", ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí òǹkàwé má baà rò pé èṣù ni, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀dá tó jọ ti Fágúnwà, ó dá orúkọ bíi "ghommid" sílẹ̀ fún un. Bí ẹni tó ń kó Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì bá lè ṣe wàhálà tó báyìí nítorí iwin, kí ló dé tí ẹni tó ń kó Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wá sí Yorùbá yóò fi ṣe é wéréwéré?

Wọ́n á ní ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì, ìwé ìdánwò pọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló rọrùn láti máàkì. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó wà ní kíláàsì tí kò mọ ìnira yẹn. Wọ́n á tún ní ìwé atúmọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ kò jẹ̀bi púpọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń fi han ni, kò ní kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀. Ìwé R. C. Abraham ti 1958 kún fún gbólóhùn àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó pa ìwé dé, ìwé kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ní ti máàkì, kò gba ju kí olùkọ́ béèrè ìbéèrè kan kó tó gbé gègé pupa: ṣé ibi ni gbólóhùn yìí ń sọ, àbí ẹni tó wà níbẹ̀, àbí ohun tó mọ́ wọn lára tó padà wá? Bí ìdáhùn ọmọ bá bá èyí mu, ó gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Ó sì yẹ kó padà sínú ìwé tó ti máàkì kọjá, nítorí ọmọ tó kọ "páropáro" yẹn, máàkì méjì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹnìkan.